Lẹ́sìn Ọ̀fẹ́ ní Bàrígà

Ariwo ilé wa ní Ṣómólú kì í ṣe kékeré. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́ báyìí, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó wà nísàlẹ̀ ilé kejì á ti bẹ̀rẹ̀, gbàgà-gbàgà, gbàgà-gbàgà, títí ife orí tábìlì á fi máa gbọ̀n. Ẹni tó bá wá kí wa láti ìlú á ní báwo la ṣe ń sùn síbẹ̀, àmọ́ àwa tí wọ́n bí sínú ẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n bá mú iná lọ tí ẹ̀rọ dákẹ́ gan-an la kì í lè sùn. Yàrá méjì là ń gbé nínú ilé tí yàrá ti kọjú sí yàrá. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan ló la àárín ilé já sí ẹ̀yìnkùlé, níbi tí gbogbo ayálégbé ti ń dáná, tí wọ́n ti ń fọṣọ, tí wọ́n sì ti ń ja ìjà wọn. Bàámi ń bá wọn gé ìwé nílé ìtẹ̀wé yẹn. Màámi ń ránṣọ lẹ́nu ọ̀nà. Ìyá Àgbà, ìyá tó bí Bàámi, ló ni gbogbo wa. Láti Ìsẹ́yìn ni wọ́n ti gbé Bàámi wá sí Èkó lọ́mọ ọwọ́, síbẹ̀ wọn ò fi ẹnu Ìsẹ́yìn sílẹ̀. Iṣu di "isu" lẹ́nu wọn, ṣòkòtò di "sòkòtò", tí o bá sì rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní ahọ́n ará Èkó ló wọ́. Iṣẹ́ tèmi ni kí n gbá ọ̀dẹ̀dẹ̀, kí n pọnmi kún dúrọ́ọ̀mù, kí n ṣa ẹ̀wà tí a máa fi lọ mọ́ínmọ́ín. Tí mo bá jókòó díẹ̀, Ìyá Àgbà á ní, "Kúdírátù, sé ìdí ẹ ti hu gbòǹgbò ni?"

Ọdún tí mo fẹ́ sọ yìí, ìdí mi ò ráyè hu gbòǹgbò rárá. Ẹ̀bùn ló kó mi sí i. Kíláàsì kan náà la wà, ìjókòó kan náà la jọ ń jókòó. Ìlàjẹ létí ọ̀sà ní Bàrígà ni wọ́n ń gbé, ìyá rẹ̀ ń yan ẹja tà, aṣọ ilé ìwé rẹ̀ sì máa ń rùn èéfín débi pé tí ebi bá ń pa mí ní kíláàsì, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni mo máa ń sún mọ́. Lọ́jọ́ kan ó yọ́ ọ̀rọ̀ sọ sí mi létí pé wọ́n ti gbé tábìlì tẹ́nìsì wọ gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi kan ní Bàrígà, tábìlì gidi tó ní nẹ́ẹ̀tì, pé lẹ́yìn ilé ìwé, ọmọ tó bá wù ú lè lọ gbá a, ọ̀fẹ́ ni, wọ́n á tún fún un ní bisikíìtì. Mo ní irọ́ ni. Tẹ́nìsì tí àwa mọ̀ ni ti ẹ̀gbẹ́ títì, pátákó lórí kẹ́ẹ̀gì, bíríkì tí wọ́n tò dípò nẹ́ẹ̀tì, àwọn géńdé ọkùnrin tí kì í jẹ́ kí obìnrin sún mọ́ ọn. Tí a bá dúró wò wọ́n pẹ́, wọ́n á ní ká lọ bá ìyá wa gé ẹ̀fọ́. Ẹ wá sọ fún irú èmi pé tábìlì kan wà tí ẹnikẹ́ni ò ní í lé mi nídìí ẹ̀. Mi ò jẹ oúnjẹ ọ̀sán lọ́jọ́ náà kí n tó sáré tẹ̀ lé Ẹ̀bùn.

Kóòṣì Bọ́lá ló ń darí ibẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí n yéé pe òun ní "wọ́n" tí mo bá ń sọ ìtàn yìí, pé mo ń sọ òun di arúgbó, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má sọ pé n kò lẹ́kọ̀ọ́. Obìnrin tín-ín-rín ni, ohùn rẹ̀ sì tóbi ju ara rẹ̀ lọ. Ṣọ́ọ̀ṣì kàn yá a ní gbọ̀ngàn ni, èyí tó ṣẹ́kù, òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló ń dá a gbé. Òfin kan ṣoṣo ló ní. A óò kọ́kọ́ jókòó kọ́ lẹ́sìn, ìṣirò lónìí, ìwé kíkà lọ́la. Ẹni tí kò bá jókòó lẹ́sìn kò ní í fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù. Ẹnu la fi ń pè é ní òfin o, nítorí bó ṣe ń kọ́ wa, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dùn ju bọ́ọ̀lù náà lọ. Ìṣirò tí wọ́n ti fi ẹgba kọ́ mi nílé ìwé tí kò wọlé, Kóòṣì gé búrẹ́dì síwájú mi, ó ní kí n pín in fún ọmọ mẹ́ta kí ìjà má ṣẹlẹ̀, ó sì wọlé. Lẹ́yìn náà ló máa wá fun fèrè, gbogbo wa á fò dìde, bẹ́ǹṣì á ṣubú, ọmọ á ṣubú lé bẹ́ǹṣì.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbá bọ́ọ̀lù kékeré yẹn tó bọ́ sí òdìkejì nẹ́ẹ̀tì, kọ́, tí Ẹ̀bùn dá a padà, kọ́, tí èmi náà tún dá a padà, inú mi dùn débi pé mo bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n ń rín ní gìgísẹ̀. Mo ti dàgbà báyìí, mo ti rí oríṣiríṣi ayọ̀, mo ti rọ́mọ bí, mo ti kọ́lé kékeré tèmi sí Ìkòròdú, àmọ́ n kò tíì rí èyí tó dà bíi kọ́-kọ́ yẹn. Ayọ̀ tó jẹ́ pé ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ dá a padà fún ọ kó tó lè máa lọ ni. Kò pẹ́ tí Kóòṣì fi so èmi àti Ẹ̀bùn pọ̀, ó ní ká máa gbá a ní méjì-méjì, pé èmi lágbára, Ẹ̀bùn ní sùúrù, tí a bá pa méjèèjì pọ̀, a ó di odindi èèyàn kan. Ó wá sọ fún wa pé àwọn ọmọ Ọbáníkòró ń bọ̀ wá bá wa díje lọ́jọ́ Sátidé kan, àwọn tó ti ń gbá a tipẹ́, tí wọ́n ní bàtà funfun. Láti ọjọ́ náà lọ, tí mo bá ń ṣa ẹ̀wà, bọ́ọ̀lù ni mò ń rí. Màámi ní òkúta tó wà nínú mọ́ínmọ́ín ọ̀sẹ̀ yẹn tó kọ́lé.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dàrú nìyí. Ẹ ṣáà mọ̀ pé ní Èkó, ẹ̀kọ́ tí ọmọ bá ń kọ́ lẹ́yìn tí ilé ìwé bá ti jáde, lẹ́sìn là ń pè é. Ìyá Àgbà ò lọ ilé ìwé rí. Lẹ́sìn kan ṣoṣo tí wọ́n mọ̀ ni èyí tí wọ́n ń ṣe àlùwàlá fún. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo ń wa gàrí sínú abọ́, wọ́n bi mí níbo ni mo máa ń lọ tí mo fi ń dé ní ìrọ̀lẹ́, mo ní gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì Bàrígà ni. Wọ́n ní kí ni mò ń ṣe níbẹ̀. Mo fi tayọ̀tayọ̀ dáhùn pé, "Wọ́n ń kọ́ wa lẹ́sìn ni, Ìyá Àgbà. Tí a bá ti gbà á dáadáa, wọ́n á fún wa ní bisikíìtì, wọ́n á sì jẹ́ ká ṣeré." Ìyá Àgbà sọ ṣíbí kalẹ̀. Wọ́n bi mí bóyá ìyá mi mọ̀. Mo ní Màámi mọ̀ dáadáa, àwọn ló tiẹ̀ ní kí n tẹra mọ́ ọn.

Kí ẹ tó sọ pé Ìyá Àgbà le jù, ẹ gbọ́ o. Ìdílé oníṣọ́ọ̀ṣì ló wà ní yàrá tó kọjú sí tiwa, ìrẹsì wọn la fi ń ṣe Kérésì, ẹran wa ni wọ́n fi ń ṣe Iléyá, Ìyá Àgbà ló sì gbẹ̀bí àbígbẹ̀yìn wọn. Kì í ṣe pé wọ́n kórìíra ẹnì kankan. Pé wọ́n fi bisikíìtì tan ọmọ, tí ẹnikẹ́ni ò sì bi ará ilé rẹ̀, ìyẹn ló dùn wọ́n. Síbẹ̀ wọn ò bínú láìwádìí. Wọ́n dúró de Bàámi, bí ìyẹn sì ṣe ń bọ́ bàtà ni wọ́n bi í bóyá ó gbọ́ pé wọ́n ń kọ́ ọmọ rẹ̀ lẹ́sìn ní ṣọ́ọ̀ṣì. Bàámi ní àwọn gbọ́, pé ó dáa gan-an, àwọn ì bá sì rí irú ẹ̀ nígbà èwe, àwọn ì bá ti dèèyàn. Wọ́n yíjú sí Màámi. Màámi ò gbójú sókè nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, wọ́n ní, "Ọ̀fẹ́ mà ni, Ìyá. Owó ni àwọn ẹlòmíràn ń san." Ìyá Àgbà dìde, wọ́n wọlé, wọn ò jẹun alẹ́.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n ní láti òní lọ, tí mo bá ti ilé ìwé dé, ilé ni mo máa wà. Mo bi wọ́n nídìí ẹ̀. Wọ́n ní ohun tí a kò bá jìyà fún, kì í tọ́jọ́. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ní láti sọ nìyẹn, Bàámi kì í sì í bá ìyá wọn jiyàn. Ìdíje Ọbáníkòró ku ọ̀sẹ̀ kan péré. Tí n kò bá lọ, Ẹ̀bùn náà ò ní í gbá a, nítorí kò sí obìnrin mìíràn níbẹ̀ tí orí rẹ̀ ju tábìlì lọ. Ẹkún tí mo sun lọ́jọ́ náà, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ò lè bò ó. Màámi rò ó, wọ́n tún un rò, wọ́n ní àwọn ti mọ̀ ọ́n, pé ṣòkòtò péńpé tí a fi ń gbá bọ́ọ̀lù ni Ìyá Àgbà ń bá jà. Wọ́n mú ṣòkòtò mi, wọ́n rán àǹkárá mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì títí ó fi kan ọrùn ẹsẹ̀, wọ́n gbé e lọ fún Ìyá Àgbà wò. Ìyá Àgbà yẹ̀ ẹ́ wò tinú tòde, wọ́n ní ìránṣọ náà dáa, àmọ́ kì í ṣe sòkòtò ni àwọn ń bá jà. Ẹ̀bùn náà wá pẹ̀lú ẹja ṣáwá yíyan tí ìyá rẹ̀ fi ránṣẹ́ láti fi bẹ̀bẹ̀. Ìyá Àgbà dúpẹ́, wọ́n súre fún un, wọ́n ní ẹni tó bí i kọ́ ọ dáadáa, wọ́n fi ẹja náà se ọbẹ̀, gbogbo wa jẹ ẹ́, kò sì sí ohun tó yí padà.

Mo wá ń lọ sẹ́yìnkùlé lójoojúmọ́, mo máa ń fi pátákó gbá bọ́ọ̀lù mọ́ ògiri ilé ìwẹ̀. Ìyá Àgbà á jókòó lórí àpótí, wọ́n á máa ka tẹ̀súbáà, wọ́n á sì máa wò mí. Ìbínú ń kùn nínú mi. Mo rò pé wọn ò fẹ́ kí n láyọ̀ ni, mo sì sọ bẹ́ẹ̀ fún ògiri, ní ohùn tí wọ́n lè gbọ́. Tí mo bá rántí bí ojú wọn ṣe rí nígbà náà, n kò lè sọ pé ojú ẹni tó ń fìyà jẹ ọmọ ni. Àmọ́ ọmọdé ò mọ ojú kà.

Nígbà tó ku ọjọ́ méjì kí wọ́n díje, Kóòṣì wá sílé wa fúnra rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, ó kí Ìyá Àgbà bí ọmọ tó gba ẹ̀kọ́. Ìyá Àgbà fún un ní omi, wọ́n ní kó jókòó. Èmi wà lẹ́yìn aṣọ ìkélé, mo ń yọjú wò wọ́n. Kóòṣì ní, "Ìyá, ọ̀rọ̀ Kúdí ni mo bá wá mà. Bóyá ẹ rò pé a máa gbowó ni. Lẹ́sìn yìí, ọ̀fẹ́ ni, a kì í gba kọ́bọ̀."

"Mo ti gbọ́ pé ọ̀fẹ́ ni," ni Ìyá Àgbà wí. "Èyí tí a ní nílé náà, ọ̀fẹ́ ni."

Ó ya Kóòṣì lẹ́nu. Ó ní òun ò mọ̀ pé mo ní lẹ́sìn nílé, ó bèèrè ẹni tó ń kọ́ mi. Ìyá Àgbà ní Áfáà ni, láti kékeré mi. Kóòṣì mi orí, ó ní ìyẹn náà dáa, àmọ́ ṣé Áfáà náà ń kọ́ mi ní ìṣirò?

"Ìsirò báwo?" ni Ìyá Àgbà bi í. "Kí ni ìsirò ń wá nínú ẹ̀sìn?"

Ẹ̀rọ ìránṣọ Màámi dákẹ́. Mo rí wọn tí wọ́n fi ọwọ́ bo ẹnu. Wọ́n dìde, wọ́n kúnlẹ̀ síwájú ìyá ọkọ wọn, wọ́n ní, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe ẹ̀sìn o. Ìwé ni. Ìwé kíkà lásán ni àwọn ará Èkó ń pè ní lẹ́sìn." Kóòṣì wo Màámi, ó wo Ìyá Àgbà, ó wá ní òun ò mọ̀, kí wọ́n forí jì òun. Bàámi tó wà nínú yàrá bú sẹ́rìn-ín, àmọ́ nígbà tí wọ́n jáde tí wọ́n rí ojú ìyá wọn, ẹ̀rín náà pa lẹ́nu wọn. Omi ti ń bọ́ lójú Ìyá Àgbà. N kò rí i kí wọ́n sunkún rí, kódà ọjọ́ tí iná jó ọjà wọn.

Wọ́n ní, "Mo bi ọmọ, ọmọ ní lẹ́sìn ni. Mo bi baba rẹ̀, baba ní ó dáa. Mo bi ìyá, ìyá ní ọ̀fẹ́ ni. Mo rò pé gbogbo yín ti yí padà, tó wá ku èmi nìkan nínú ilé, tí ẹ kàn ń wojú mi." Bàámi wólẹ̀ gbalaja. Èmi náà jáde lẹ́yìn ìkélé, mo lọ fara mọ́ wọn lẹ́sẹ̀, gbogbo ohun tí mo sọ fún ògiri kúrò lọ́kàn mi. Ìgbà tí a sunkún tán la wá rẹ́rìn-ín, ará yàrá tó kọjú sí wa sì wá bá wa rín in láìmọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Àmọ́ àgbà ni àgbà ń jẹ́. Nígbà tí Kóòṣì dìde láti lọ, Ìyá Àgbà ní àwọn ò tíì gbà o. Wọ́n ní àwọn á tẹ̀ lé mi ní Sátidé, ojú àwọn làwọn á fi rí i. Tí ohun tí àwọn bá rí níbẹ̀ kò bá tẹ́ àwọn lọ́rùn, ó parí nìyẹn, ọ̀rọ̀ tẹ́nìsì tán nílé àwọn, kí ẹnikẹ́ni má sì tún dá a sílẹ̀.

Bá a ṣe lọ nìyẹn. Ìyá Àgbà wọ ìborùn funfun tí wọ́n fi ń lọ sí yídì, wọ́n mú tẹ̀súbáà dání, wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì iwájú pátápátá láàárín àwọn ìyá elẹ́ja Ìlàjẹ tó wá wo Ẹ̀bùn. Gbọ̀ngàn kún débi pé àwọn ọmọ gun fèrèsé. Àgbàlagbà ṣọ́ọ̀ṣì kan gbàdúrà pé kí Ọlọ́run ṣọ́ àwọn ọmọ wọ̀nyí kí ó sì gbé wọn ga, mo ń fi ẹ̀gbẹ́ ojú wo Ìyá Àgbà, àfi bí àmín wọn ṣe ròkè ju ti oníṣọ́ọ̀ṣì lọ. Mo ń fa ṣòkòtò mi tí Màámi rán àǹkárá mọ́ sókè. Àwọn ọmọbìnrin Ọbáníkòró méjèèjì wọlé pẹ̀lú bàtà funfun lóòótọ́, ọ̀kan pupa, ó ga, ọwọ́ rẹ̀ gùn bí ìgbálẹ̀ tí a fi ń ká òwú aláǹtakùn.

Ẹ̀ẹ̀mẹta la máa gbá a, ẹni tó bá jẹ méjì ló ni ín. Èkíní, àwa la jẹ ẹ́, n kò mọ bó ṣe ṣẹlẹ̀, mo kàn ń gbá ohun tó bá ti ń bọ̀ ni, Ẹ̀bùn ń dá padà, ilé ń hó, ìyá Ẹ̀bùn ti ń fi èdè Ìlàjẹ kọ orin kan tí èmi ò gbọ́ ìtumọ̀ rẹ̀. Orí mi wú. Èkejì, ọmọ pupa náà ti mọ̀ wá. Ohun tí mo bá fi agbára gbá ránṣẹ́, ó ń fi agbára náà dá a padà fún mi. Wọ́n jẹ ẹ́. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta, a jọ ń lọ ni, àwa kan, àwọn kan, a bá wọn débi tó jẹ́ pé bọ́ọ̀lù kan péré ló kù. Bọ́ọ̀lù náà bọ́ sí iwájú mi, ó rọra fò sókè, ó dúró bí ẹni tó ń dúró dè mí. Mo fi gbogbo ara gbá a. Ó kọjá orí nẹ́ẹ̀tì, ó kọjá orí tábìlì, ó kọjá orí ọmọ pupa, ó lọ bá àwọn ọmọ tó wà lójú fèrèsé.

Ẹ̀bùn dì mọ́ mi, ó ní kò burú, ó ní a ṣe dáadáa, àmọ́ n kò gbọ́ nǹkan kan. Kì í ṣe nítorí pé wọ́n nà wá. Ohun tó wà lọ́kàn mi ni ìborùn funfun tó wà níwájú yẹn. Mo ti fọwọ́ ara mi ba ẹjọ́ mi jẹ́. Ìyá Àgbà dìde, wọ́n kí Kóòṣì, wọ́n kí ìyá Ẹ̀bùn, wọ́n fà mí lọ́wọ́, a bọ́ síta. Láti Bàrígà dé Ṣómólú, wọn ò bá mi sọ gbólóhùn kan. Mo ń wo ilẹ̀, mo ń wá ọ̀nà tí mo máa fi sọ fún Ẹ̀bùn lọ́jọ́ Mọ́ńdè pé ó ti tán. Àwọn aládùúgbò ń kí wa, Ìyá Àgbà ń fi orí dá wọn lóhùn, ètè wọn ń mì. Mo rò pé tẹ̀súbáà ni wọ́n ń kà.

Màámi ti ń dúró dè wá lẹ́nu ọ̀nà. Bàámi náà jáde láti ibi iṣẹ́, bébà gígé kún irun orí wọn. Ìyá Àgbà jókòó, wọ́n tú ìborùn, wọ́n gba omi mu tán, wọ́n gbé ife lé Màámi lọ́wọ́. Wọ́n ní, "Wọ́n nà wá." Omi tún bọ́ lójú mi.

"Kúdírátù, kí lo ń sunkún sí? Gbọ́. Ọmọ pupa yẹn, kò mọ èyí tó bá bọ́ sí apá òsì rẹ̀ gbá rárá, gbogbo ìgbà tó bá ti bọ́ síbẹ̀ ló ń sáré yí ara padà. Ìwọ sì rèé, ọ̀tún lò ń gbá a sí sáá, o ń fún un lóúnjẹ. Ọjọ́ wo la tún ń bá wọn pàdé?"